Àṣìṣe Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ní ọ̀sán Àbámẹ́ta tó ṣáájú ikú rẹ̀, Fẹ̀yìntọlá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ń ṣa ẹ̀wà. Lùkúmọ́nù ọkọ rẹ̀ wà lórí àga kejì, ó fi ọwọ́ méjèèjì há ààrin orúnkún kí wọ́n má baà máa gbọ̀n. Ètò ọkọ̀ ń lọ lọ́wọ́. Fréjus, ọmọ Adido ní Savè níbí, tó ń ṣe ètò náà láti Parakou, wọ agbádá lé aṣọ iṣẹ́, ó ń bẹ ọkọ̀ ògbólógbòó kan bí ẹni ń bẹ ìyàwó tó kó kúrò nílé. Nígbà tó bẹ̀ ẹ́ tán, ó gbé ike gasọ́ọ̀lì, ìyẹn epo dísẹ́ẹ̀lì, ó dà á sínú ọkọ̀ tó ń mu ẹsáǹsì, ìyẹn epo pẹtiróòlù.

Lùkúmọ́nù lu itan. "Ó tún ti ṣe é! Ìyá Faïzatou, ṣé o rí i?"

"Mo rí i." Fẹ̀yìntọlá kò tíì gbójú kúrò lára ẹ̀wà.

"Ọmọ yìí á pa ènìyàn."

"Ó kọ́kọ́ pa mí lẹ́rìn-ín ná. Bàbá Faïzatou, tó bá ń ka ìwé mẹkáníìkì fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ta ló máa jókòó wò ó?"

"Èmi!"

"Ẹ̀yin nìkan. Ẹ̀yin náà á sì sùn lọ."

"Ẹ̀rín kì í dá ọkọ̀ dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè," ni Lùkúmọ́nù wí. Ó dìde, ó pa tẹlifíṣọ̀n. Ètò náà kò tíì dé ìdajì, ṣùgbọ́n bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Kò wò ó dópin rí.

Fẹ̀yìntọlá gbé ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó mú bírò. "Ó yá, ẹ sọ ọ́. Ẹ rọra sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ogójì ọdún ni Lùkúmọ́nù fi tún ọkọ̀ ṣe ní Savè, lẹ́bàá títì tó lọ sí Parakou. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tó jẹ́ kí nọ́ọ̀tì já bọ́ sínú ẹ̀rọ ọkọ̀ oníbàárà lẹ́ẹ̀mejì, ó ti gáráàjì pa. Oṣù mẹ́ta ló fi ń wo àpáta tó wà lẹ́yìn ilé. Bí wọ́n bá kí i, orí ló fi ń dáhùn. Fẹ̀yìntọlá a máa sọ fún àwọn ará àdúgbò pé àpáta náà ń dá òun lóhùn ju ọkọ òun lọ. Ní Àbámẹ́ta kan, Fréjus da òróró ẹ̀rọ sí ibi tí omi ìjánu yẹ kó wà. Lùkúmọ́nù lahùn. Kò dákẹ́ títí wọ́n fi pe ìrun àṣálẹ́.

Láti ìgbà náà, ó níṣẹ́. Ètò náà ni ọkọ̀ ìkẹyìn tí òun máa tún ṣe kí òun tó kú, ó ti pinnu rẹ̀. Fẹ̀yìntọlá, tó ti ṣe tíṣà kó tó fẹ̀yìn tì, ló ń bá a kọ lẹ́tà, nítorí ó gbọ́ Faransé. Orúkọ irinṣẹ́ nìkan ni Lùkúmọ́nù gbọ́ níbẹ̀. Á sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì, á fi ìka yàwòrán ẹ̀rọ sínú afẹ́fẹ́. Lẹ́tà náà kì í ju ojú ewé kan lọ. Ó bi í léèrè nígbà kan. Fẹ̀yìntọlá ní èdè Faransé kì í gùn tó tiwa. Ó gbà á gbọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, Fẹ̀yìntọlá a fi lẹ́tà rán awakọ̀ tó ń lọ sí Parakou. Lẹ́tà tó lé ní ọgọ́ta ti lọ, èsì kankan kò dé.

"Ẹ ṣe sùúrù," ni Fẹ̀yìntọlá máa ń wí. "Wọ́n ń gbọ́."

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀lé Àbámẹ́ta ti gasọ́ọ̀lì náà, Fẹ̀yìntọlá fọ àwo tán, ó ní òun fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Kò dìde mọ́.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, Lùkúmọ́nù tan tẹlifíṣọ̀n. Fréjus da òróró tó yẹ sí ibi tó yẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́sẹ̀ kejì. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó so okùn bátìrì bí ẹni tí Lùkúmọ́nù fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́. Lùkúmọ́nù lọ bá Félix aránṣọ ní ẹ̀gbẹ́ ilé.

"Félix, wọ́n ti gbọ́ mi. Àṣìṣe ti tán."

Félix wo abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀. "Ẹ kú oríire, Bàbá."

"Lẹ́tà ló ṣe é."

"Lẹ́tà náà ni, Bàbá."

Ó padà sílé pẹ̀lú ìṣẹ́gun rẹ̀. Ó jókòó. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ètò náà, kò sì rí ohun tó máa sọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Fréjus wá kí i kú ará fẹ́ra kù. Kò wọ agbádá, kò sì ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Mádàámù ló kọ́ mi níwèé ní Adido, Bàbá."

"Kò sọ fún mi rí. Dìde, ọmọ mi. O ti wá gbọ́ràn. Iṣẹ́ rẹ ti dára."

Fréjus họ orí. "Bàbá, ní ìparí ètò, mo máa ń tún un sọ bó ṣe yẹ. Mádàámù ní ẹ kì í dúró dé ibẹ̀."

"Tún kí ni sọ?"

Fréjus yọ ìdì lẹ́tà kan tí wọ́n fi òwú dì. Ó fa ti òkè jáde. "Èyí dé ọwọ́ mi lọ́jọ́ tí mo gbọ́ pé Mádàámù ti lọ. Mi ò lọ́kàn láti ṣe é." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sí èdè wa, ó ń rọra kà á.

"Fréjus ọmọ mi, o ṣeun, ti gasọ́ọ̀lì yẹn dára gan-an, Bàbá sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ní Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, jọ̀wọ́, bá mi ṣi ti táyà ṣe."

Ti táyà ló kù.