Mo Jókòó Lé Àpótí Kòkòrò Ibà

Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àwa obìnrin ìlú Agbọ̀nlé máa ń ka èsì àyẹ̀wò ibà nínú ìgò. Nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, a ti pa jíìnì kan, ìyẹn àbùdá àjogúnbá, lẹ́nu mọ́ lára kòkòrò ibà, a sì ti kán oògùn sí i. Ìgò tí kòkòrò bá kú nínú rẹ̀ ló ń fi jíìnì tó ń dènà oògùn hàn wá. Nọ́ọ̀sì á wá mọ oògùn tó yẹ aláìsàn. Inú àpótí kan tó máa ń dún bí èsì bá pé la máa ń kó àwọn ìgò náà sí.

Lónìí, ẹ̀jẹ̀ Mojírọlá, ọmọ ọmọ mi, ló wà nínú àpótí. Ibà rẹ̀ ti pé ọjọ́ márùn-ún. Ó ku díẹ̀ kí àpótí dún nígbà tí Ṣóbọ̀wálé, òṣìṣẹ́ ìjọba, wọlé.

"Ìyá, òfin tuntun ti dé. Olú ìlú nìkan ló lè ka ìgò. Èsì á dé lọ́sẹ̀ méjì."

Kí ó tó gbé àpótí lọ, mo jókòó lé e.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dìde."

"Gbé èmi àti àpótí pọ̀."

Ìyá Dérónkẹ́, ọ̀kan lára àwa tó ń ka ìgò, fi Ṣóbọ̀wálé rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yìn rẹ á kán o, ọmọ mi!"

Àpótí dún lábẹ́ mi. Mo dìde, mo ṣí i, mo kà á. "Nọ́ọ̀sì, inú ìgò kẹrin ni kòkòrò ti kú!"

Nọ́ọ̀sì sáré lọ bá Mojírọlá tòun ti oògùn. Mo kọjú sí Ṣóbọ̀wálé.

"Mú bírò rẹ. Èmi, Fọláṣadé Ògúndèjì, ni mo ka ìgò. Kọ ọ́ kó hàn dáadáa."