Nọ́ọ̀sì Tó Kọ̀ Láti Dìde

Láàárọ̀ Sátidé, ọ̀bẹ yọ̀ mọ́ Don Liborio lọ́wọ́, ó sì gún un níbi tí itan ti pàdé ikùn. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sáwọn alápatà ìlú Napoli ní Ítálì, torí ọ̀dọ̀ ara wọn ni wọ́n ń fa ọ̀bẹ sí tí wọ́n bá ń yọ eegun. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, wọ́n da aṣọ bò ó. Ẹ̀jẹ̀ kò jáde mọ́. Bàbá náà tilẹ̀ ń ṣẹ̀fẹ̀, ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí ológbò jẹ ẹran tóun gé kù.

Oníṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo tó wà ń tọ́jú ẹlòmíràn. Sabatino, àkọ́bí bàbá, dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn fún wákàtí kan. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá dákẹ́ ní ọsibítù, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó pe àbúrò rẹ̀, Nunziante, ìyẹn sì mú ọ̀pá irin wá. Wọ́n fọ́ dígí ilẹ̀kùn, wọ́n lu ẹ̀ṣọ́ títí eyín rẹ̀ fi ká, wọ́n wọlé.

Ornella, nọ́ọ̀sì tí wọ́n fa bàbá lé lọ́wọ́, jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé fóònù sétí.

"Bàbá mi ń kú lọ, ìwọ ń tàkúrọ̀sọ!" Sabatino pariwo.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn mí. Dókítà ń bọ̀."

"Dìde!"

"Mi ò lè dìde."

"Àbí wọ́n fi àtè lẹ ìdí rẹ mọ́ bẹ́ẹ̀dì ni?" Nunziante ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ornella tún la ẹnu. Sabatino gbá a létí, ó fi irun wọ́ ọ sílẹ̀, ó tàpá sí i lẹ́nu títí àgbọ̀n rẹ̀ fi yẹ̀. Nunziante fi irin ṣẹ́ ẹ léjìká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ kọ́bọ́ọ̀dù oògùn. Nígbà tí wọ́n yíjú padà, ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Don Liborio ti kú. Sabatino wó lé bàbá rẹ̀ láyà, ó sunkún bí ọmọdé.

Sabatino pe Ornella lẹ́jọ́, ẹ̀wọ̀n ló fẹ́ kí wọ́n rán an lọ.

"Nọ́ọ̀sì tó bá ti gba aláìsàn," lọ́yà Sabatino wí, "kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ kí dókítà tó dé. Èyí jókòó, ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù."

"Apànìyàn!" làwọn èrò inú kóòtù ń pariwo.

Adájọ́ bi Ornella ohun tó ń ṣe létí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ náà. Àgbọ̀n rẹ̀ kò tíì tò tán, díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

"Olúwa mi, odindi wákàtí kan ni mo fi ìka mi dí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó já ní itan bàbá lábẹ́ aṣọ yẹn, títí ọmọ wọn fi fi irun wọ́ mi kúrò."