Ògiri Tó Ń Kì Mí

Láràárọ̀, kọ̀ǹpútà inú ògiri gbogbo ilé ló ń kọrin àtijọ́, á yọ orúkọ olówó tí olórin ń kì, á fi ti onílé sí i. Èmi Àkàngbé ní irọ́ ni! Ẹ̀rọ sídì mi, tó wúwo bí ewúrẹ́ aboyún, ló ń sọ òótọ́: olówó tó ti kú ló ṣì ń kì. Mo búra fún ìyàwó mi pé bí mo bá jó sí orin ògiri, kó gbé ẹ̀rọ mi jù síta.

Láàárọ̀ yìí, ògiri ní, "Àkàngbé, ọkọ Mórẹ́nikẹ́!" Kí n tó mọ̀, mo ti ń jó, mo ń lẹ owó mọ́ ògiri.

"Bàbá Fọlájìn, ibo ni iwájú orí ògiri tí ẹ ń lẹ owó mọ́?" Ìyàwó mi ti gbé ẹ̀rọ sídì dé ẹnu ọ̀nà.

"Rọra gbé e, má pariwo! Ògiri ti fẹ́ máa ki bàbá mi."