Ẹ̀rọ Tó Ń Gbé Ariwo Mì

Orí máa ń fọ́ Ìbídùn, ìyàwó mi, tí ọkọ̀ wa bá ń pariwo. Ni mo bá ń to ẹ̀rọ kan tó ń gbọ́ ariwo, tó sì ń tú ìró mìíràn jáde láti gbé e mì. Ìbídùn kú kí n tó parí rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ àná, mo tàn án lójú ọ̀nà Ìgànná. Inú ọkọ̀ pa lọ́lọ́. Ẹnì kan ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

“Bàbá Fọlárìn, ẹ rọra sáré.” Ohùn Ìbídùn ni. “Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀.”

“Sọ ọ́, mò ń gbọ́.”

Ẹ̀rọ mi náà gbọ́, ó sì ń gbé ohùn rẹ̀ mì. Mo sáré pa ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n ariwo táyà bo ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi.

Ẹnu rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀.