Olùṣọ́ Adágún Tí Kì Í Dé Àárín Omi

Ọ̀lẹ ni ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ọ̀lẹ tó ń sùn títí oòrùn fi ń kan àtàrí. Tirẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kì í kàn parí rẹ̀ ni. Bó bá gbálẹ̀, á fi abẹ́ àga sílẹ̀. Bó bá fọ aṣọ, ọrùn aṣọ á ṣì dọ̀tí. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ó ti tó." Bí wọ́n ṣe ń pè é ní Ó-ti-tó nìyẹn, tí orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ sì di ohun ìgbàgbé.

Ó-ti-tó ni olùṣọ́ adágún kékeré kan tí àwọn ará àdúgbò ti máa ń lúwẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kò le. Láràárọ̀, á wa ọkọ̀ kékeré dé àárín omi, á fi okùn sọ gíláàsì tí wọ́n fi ń wọn òtútù àti ooru kalẹ̀ sínú omi, á sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ohun tó bá rí sára pátákó ẹnu ọ̀nà. Ìdí tó fi gbọ́dọ̀ dé àárín ni pé omi náà kì í móoru lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìgbà òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, etí omi tí kò jìn ni oòrùn á kọ́kọ́ mú. Àárín á ṣì tutù rinrin fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ nígbà yẹn, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ á fà, apá á kú, èémí á sì há.

Ó-ti-tó mọ gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ wíwà ń dùn ún léjìká, atẹ́gùn òwúrọ̀ sì ń ta á létí. Ló bá wọ́ ọkọ̀ sórí ilẹ̀, ó dojú rẹ̀ dé, ó wá ń ti gíláàsì bọ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré rẹ̀, níbi tí omi kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Kò tilẹ̀ ní láti bọ́ bàtà.

"Ṣé o dé àárín?" Ọ̀gá rẹ̀ ló bi í bẹ́ẹ̀.

"Ibẹ̀ ni mo ti ń bọ̀ yìí, sà."

Ìgbà ooru ni nígbà náà, gbogbo omi ló ti móoru, nǹkan kan kò ṣe ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ló tàn án jẹ. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó ń ránṣọ. Òun ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Ìjókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ti ba ẹ̀yìn obìnrin náà jẹ́, kò sì sí ohun tó ń tù ú bíi kó lúwẹ̀ẹ́ dé òdìkejì adágún kó sì padà. Ọkọ rẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà, a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Adágún yẹn ló fẹ́, èmi kàn ń bá a gbélé ni." Ní gbogbo ìgbà òtútù, títẹ̀ ló ń tẹ̀ rìn, tó ń retí ọjọ́ tí pátákó á sọ pé omi ti dára.

Bí oòrùn gidi ṣe kọ́kọ́ ràn lọ́dún náà, ó dé pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì léjìká.

"Àbúrò mi, mo rí ohun tí o kọ. Òtútù ò mà tíì pẹ́ tó lọ o."

"Àǹtí mi, omi ti lọ́ wọ́ọ́wọ́."

"Àárín náà ńkọ́?"

Ó lè sọ òtítọ́ níbí yìí. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá jẹ́. Ó wo ọkọ̀ tó dojú dé lórí koríko, ó ní, "Àárín náà, mà."

"Ọlọ́run á bù kún ẹ. Ẹ̀yìn yìí fẹ́ẹ̀ pa mí."

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Obìnrin náà wọ omi, ó ń lúwẹ̀ẹ́ lọ dáadáa. Nígbà tó dé àárín, ó dúró. Ó-ti-tó rò pé ó ń sinmi ni, àfi ìgbà tó gbọ́ tó ké pé, "Àbúrò mi! Ẹsẹ̀ mi o!"

Ó sáré sí ọkọ̀, ó yí i padà, ó tì í sómi. Ṣùgbọ́n pákó tó ti gbẹ lórí ilẹ̀ látọjọ́ yìí ti là, omi sì ń ru wọlé láti ìsàlẹ̀. Ọkọ̀ kún, ó jókòó sínú ẹrẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ wọ omi. Ní orúnkún rẹ̀, omi lọ́ wọ́ọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Nígbà tó kan àyà rẹ̀, òtútù mú kí èémí rẹ̀ há, apá rẹ̀ kọ̀, ó sì padà sẹ́yìn. Ó ń ké pé, "Ẹ gbà wá o!" Kò sẹ́ni lójú ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò pariwo mọ́, ojú Ó-ti-tó ló kàn ń wò. Kò pẹ́, kò sí orí lójú omi mọ́.

Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sì kí i mọ́. Ìyà ni gbogbo ìyẹn, ṣùgbọ́n ó ku èyí tó pọ̀ jù. Lẹ́yìn ìsìnkú, gbẹ́nàgbẹ́nà wá sí yàrá rẹ̀. Ó-ti-tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ lù mí."

"Mi ò wá lù ẹ́. Dìde. Ohun kan ni mo fẹ́ mọ̀, kí n lè máa rí oorun sùn. Báwo ni ibẹ̀ ṣe tutù tó? Ṣé òtútù tètè mú un lọ ni, àbí ó jẹ̀rora pẹ́? Iṣẹ́ ẹ ni. Sọ fún mi."

Ó-ti-tó kò mọ̀. Kò wọn ibẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà dúró, ó ń retí èsì, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká fi èyí kọ́gbọ́n. Ọ̀gá lè má rí iṣẹ́ àbọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé wa á bá a pàdé, ẹni náà sì lè jẹ́ ẹni tí a fẹ́ràn jù láyé. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ohun tí o kò bá ṣe, sọ pé o kò ṣe é. Wọ́n lè bú ọ, ojú sì lè tì ọ́, ṣùgbọ́n ìtìjú rẹ kò ní pa ẹlòmíràn.