Onígbàjámọ̀ àti Abọ́ Orí Ẹja

Aláìmoore ni onígbàjámọ̀ tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ó sì tún fi ìgbéraga lé e. Bó bá jẹ́ àìmoore nìkan ni, à bá fojú fò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹ oúnjẹ olóúnjẹ, tó tún ń yọ ṣùtì sí ẹni tó bù ú fún un, ẹ̀tẹ́ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń wá kiri.

Kò sí ẹni tó jókòó gé irun lọ́dọ̀ rẹ̀ tí kò ní gbọ́ nípa ilé oúnjẹ ẹlẹ́ja kan létí òkun. "Èmi ni oníbàárà wọn pàtàkì. Bí mo bá ti yọjú báyìí, ara wọn ò ní balẹ̀ mọ́." Irọ́ gbuu! Bàtà àti lọ́fínńdà ni ó ń ná owó rẹ̀ lé. Ní ọjọ́ Ajé tí kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn ilé ìdáná ló máa ń gbà wọlé síbẹ̀. Á tẹríba fún ìyá tó ń dáná, á ní, "Màmá mi, ẹ ṣàánú mi." Ìyá á bu orí ẹja àti ìrù ẹja tó ṣẹ́ kù sínú abọ́ ike fún un, á gbé àpótí kékeré sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn, ọ̀gbẹ́ni á jókòó, á máa fa egungun mu.

Nígbà tó yá, ó fẹ́ fẹ́ ọmọ kápẹ́ńtà kan. Ọmọ gbà, bàbá rẹ̀ ni kò tíì dáhùn. Bàbá ní, "Ọmọ mi ní o dára, ṣùgbọ́n èmi ò mọ̀ ọ́. Mú mi lọ síbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́. Bí a bá dé, màá fún ọ lésì."

Ilé ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ wà níbẹ̀, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Rárá o, ilé oúnjẹ etíkun tó fi ń yangàn ni ọlọ́gbọ́n wa mú bàbá àti ọmọ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n sì débẹ̀ lọ́sàn-án. Orí òpó ni wọ́n kọ́ ilé oúnjẹ náà lé lójú omi. Pákó ilẹ̀ rẹ̀ ń dún, atẹ́gùn ń gbé etí aṣọ tábìlì, òórùn edé díndín sì gba gbogbo ibẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́, ó yan tábìlì tó kọjú sí omi.

Ìyá rí i láti ojú fèrèsé, inú rẹ̀ dùn. Ó ti ń ro ẹja ńlá tí yóò yan fún àlejò ọmọ rẹ̀. Ó fi aṣọ nu ọwọ́, ó jáde. "Ọmọ mi, káàbọ̀ o. Bàbá, ẹ káàbọ̀."

Ẹ̀rù ba onígbàjámọ̀ pé ìyá yóò tú àṣírí òun. Ó ta ìka sí i. "Ìwọ ìyá yìí, ta ni ọmọ rẹ? Má jẹ́ kí èéfín ara rẹ kan bàbá. Gbé oúnjẹ wa wá!"

Kápẹ́ńtà gbé orí sókè.

"Irú èwo ni ká gbé wá, ọ̀gá?" ni ìyá bi í.

"Àbí o ò mọ̀ mí ni? Bí o ṣe máa ń tọ́jú mi níbí, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí o ṣe. Má yọ ẹyọ kan kúrò!"

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú!"

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìyá gbé ẹja yíyan gbígbóná síwájú bàbá àti ọmọ. Ó wá gbé abọ́ ike kan síwájú onígbàjámọ̀, orí ẹja àti ìrù ẹja ló kún inú rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní, "Àpótí yín wà lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí ẹ máa ń jókòó sí."

Àwọn tó wà ní tábìlì kejì bú sẹ́rìn-ín. Onígbàjámọ̀ ń kólòlò. "Bàbá, irọ́ ni! Mi ò mọ̀ ọ́n rí!"

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Kápẹ́ńtà ní, "O ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kó tọ́jú rẹ bó ṣe máa ń ṣe ni. Orí ẹja kọ́ ló dùn mí. Èmi náà ti jẹ orí ẹja rí. 'Ìwọ' tí o pe ìyá tó ń bọ́ ọ ni mo gbọ́. Lọ́jọ́ tí mo bá darúgbó, tí mi ò ní nǹkan kan tí mo lè fún ọ mọ́, kí ni wàá máa pe èmi?"

Ọ̀gbẹ́ni wo ojú ọmọbìnrin náà. Ọmọbìnrin ò wò ó. Ó dìde, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú sí wa." Bàbá rẹ̀ sì na ọwọ́ sí àga tí onígbàjámọ̀ jókòó lé. "Dìde, kí ìyá jókòó."

Ó dìde. Òun nìkan ló wọ bọ́ọ̀sì padà, ebi ń pa á, kò sì rí ọmọ náà fẹ́ títí dòní.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ pé kéèyàn jẹ orí ẹja. Ìtìjú ni pé kó jẹ ẹ́ tán, kó wá máa wo ẹni tó fún un bí ìdọ̀tí nítorí pé àlejò wà níbẹ̀. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹ bọ̀wọ̀ fún ẹni tó bọ́ yín, pàápàá jù lọ níwájú ẹni tí ẹ fẹ́ kó bọ̀wọ̀ fún yín.