Ti Ìyá Ẹ̀ Ni

Ìgbà kẹta rèé tí Nọ́ọ̀sì Fawziyah yóò gun ọ̀kadà láti Ẹdẹ wá sí Alajue. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà nínú báàgì rẹ̀. Ká ní ó ṣeé ṣe ni, ì bá ti jù ú sínú igbó lójú ọ̀nà.

Mọ́tọ́lá wà lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú oyún oṣù méje, ó gbé ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án lé itan. Gìrì ti gbé ọmọ náà láàárọ̀. Ọrùn rẹ̀ kò dúró mọ́, èébì ẹ̀kọ sì ti gbẹ mọ́ ọn láyà. Mọ́tọ́lá ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún.

"Olójúoge mi, ẹ gbójú sókè, nọ́ọ̀sì ti dé."

Ìpéǹpéjú ọmọ náà mì díẹ̀, ó tún wálẹ̀. Fawziyah rẹ́rìn-ín. Abiyamọ tó ń fi "ẹ" kẹ́ ọmọ tó ń da itọ́ sí i lára! Ó wú u lórí.

Ìyá Fáwọlé, ìyá ọkọ Mọ́tọ́lá, jókòó lókèèrè lórí àpótí, ó fi ìborùn bo imú. Ojú ìdajì ló fi ń wo gbogbo ènìyàn, bí ẹni pé ayé ń rùn sí i. Lọ́jọ́ tí Fawziyah wá gba ẹ̀jẹ̀ tó béèrè ìyá ọmọ, ẹnu ló fi júwe Mọ́tọ́lá, kò tilẹ̀ dìde. Abọ́ ọmọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn, ajá ń lá a.

"Ẹ má jẹ́ ó kàn yín lára o." Ó tutọ́ sílẹ̀. "Ẹsẹ̀ ìyàwó yìí ò dáa. Kò sí irú ẹ̀ nílé wa kó tó dé. Ìwé yẹn á sọ ibi tó ti wá. Tó bá ti sọ ọ́, kó kó ẹrù ẹ̀ padà sí Sekona lónìí, kó lọ bí tinú ẹ̀ níbẹ̀. Fáwọlé náà ti gbà."

Ó na ọwọ́ sí ife omi. Ọwọ́ náà gbọ̀n, ó gbé ife náà sílẹ̀.

"Mọ́tọ́lá! Wá gbé omi fún mi mu!"

Ọ̀lẹ pọ́nńbélé, Fawziyah wí nínú ara rẹ̀. Kì í ṣe èébì ló kó o nírìíra, obìnrin yìí ni. Ayé sì ti dá ẹjọ́ náà tipẹ́: ọmọ tó dáa, ti bàbá ni, èyí tí ò dáa, ti ìyá ẹ̀ ni. Ìwé inú báàgì tún wá gbè wọ́n lẹ́yìn.

Ó rò ó pé kí òun purọ́. Àmọ́ oyún wà níbẹ̀, irọ́ kì í wo àrùn.

"Ìwé ní àìsàn yìí ń jẹ agbára inú iṣan àti ọpọlọ," ó ní. "Kì í ràn. Wọ́n ń bí i mọ́ni ni. Bàbá kì í fún ọmọ." Ó wo Mọ́tọ́lá. "Ìyá tó bí ọmọ ló ń fún un, òun àtàwọn tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà."

Ìborùn bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Fáwọlé.

Fawziyah di ọwọ́ Mọ́tọ́lá mú. "Ẹ má sunkún, ìyá ọmọ. Ẹ̀bi yín kọ́."

Mọ́tọ́lá nu itọ́ ẹnu ọmọ náà tán kó tó dáhùn.

"Nọ́ọ̀sì, àbúrò ọkọ mi ni wọ́n, ìyàwó wo ló ń pe àbúrò ọkọ ẹ̀ lórúkọ? Ìyá tó bí wọn ló ń fi ìborùn bo imú lẹ́ẹ̀kan yẹn."